Odi Omi Ilẹ̀ Họ́láńdì: Ọ̀nà Ogun Àná Tí Ó Di Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Lónìí

"Omi kò ní ọ̀tá" ni àwọn àgbà máa ń wí, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá omi ṣọ̀tá tí òùngbẹ kò ní í gbẹ. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yúróòpù tí ó jẹ́ pé omi gan-an ni wọ́n fi ṣe jagunjagun, òun ni wọ́n fi ṣe odi, òun náà ni wọ́n sì fi lé ọ̀tá sẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè náà ni Nẹ́dálándì, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ sí Họ́láńdì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn ni ó rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Bí wọ́n ti ń bá omi jà lójoojúmọ́ kí ó má baà gbé wọn lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ọgbọ́n bí a ti í pe omi yìí kan náà wọ ìlú nígbà tí ogun bá dé.

Lónìí, ogun kò sí lórí odi omi náà mọ́. Àwọn tí a ń rí níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ ni ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọmọdé, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ láàárín igbó àti irà, níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wò wọ́n lókèèrè lè rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ọ̀ràn náà wò dáadáa, ẹjọ́ ńlá ni ó wà nídìí rẹ̀: ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá dá sí nítorí ogun, ta ni ó ni ín nígbà tí ogun bá ti lọ, kí ni ó sì yẹ kí a fi í ṣe?

Ọgbọ́n tí ó wà nínú odi omi náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí ọ̀tá bá ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, àwọn ọmọ ogun yóò ṣí ilẹ̀kùn àwọn odò àti ti àwọn ọ̀nà omi tí a fọwọ́ gbẹ́, omi yóò sì tẹ́ rẹrẹ bo pápá àwọn àgbẹ̀. Omi náà kò gbọdọ̀ jìn jù, kò sì gbọdọ̀ kéré jù. Nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń wá, èyí tí í ṣe ìwọ̀n orúnkún ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń wọ́ irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè rí kòtò àti ojú omi jíjìn tí ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹṣin kò lè sáré nínú rẹ̀. Àgbá ìbọn yóò rì mọ́ ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi náà kò jìn tó kí ọkọ̀ ojú omi léfòó. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga tí omi kò lè dé, bí ojú ọ̀nà, ojú irin àti bèbè odò, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé odi sí, tí wọ́n kó ìbọn ńlá sínú rẹ̀.

Ọdún 1672 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé orí ìwọ̀n ńlá. Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, ti ya wọ ilẹ̀ wọn, ó sì ti gba ìlú Utrecht. Àwọn àgbẹ̀ kan kò fẹ́ kí omi bo oko wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ fi agídí ti ilẹ̀kùn omi padà. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bú wọn, nítorí kò sí àgbẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò dùn bí omi bá bo ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Síbẹ̀ omi náà dé, àwọn ọmọ ogun Faransé sì dúró ní etí rẹ̀ bí ẹni tí ń wo ọjà láti òdìkejì odò. Ìgbà tí ó di oṣù Kejìlá, òtútù mú omi náà dì, ó le bí òkúta. Àwọn ọmọ ogun Faransé bá gun orí yìnyín náà, wọ́n ń bọ̀. Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ní láti padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sun Bodegraven àti Zwammerdam níná. Ní ìgbà òtútù tí ó mú ọdún 1795 wọlé, irú yìnyín bẹ́ẹ̀ tún dì, kò sì yọ́ bọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ogun Faransé kọjá, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà. Ọlọ́gbọ́n kan kì í ta kókó omi sí etí aṣọ.

Síbẹ̀síbẹ̀ wọn kò fi ọgbọ́n náà sílẹ̀. Láti 1815 títí di 1940 ni wọ́n fi ń kọ́ odi omi tuntun, tí wọ́n sún un sí ìlà-oòrùn kí ìlú Utrecht náà lè bọ́ sínú ààbò. Gígùn rẹ̀ tó 85 kìlómítà, láti Muiden ní etí òkun Zuiderzee ìgbà náà títí dé irà ńlá tí à ń pè ní Biesbosch. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi odi mìíràn yí Amsterdam ká, 135 kìlómítà. Ní 1996, àjọ UNESCO ka odi Amsterdam kún ogún gbogbo ayé. Ní 2021, wọ́n fi odi omi tuntun náà kún un, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí jù nínú gbogbo ìtàn yìí kì í ṣe ìbọn, kì í sì í ṣe àwọn ọba. Òfin kan ni. Ní 1853, ìjọba Nẹ́dálándì ṣe òfin kan tí a lè pè ní Òfin Agbo. Wọ́n fa agbo mẹ́ta yí ilé odi kọ̀ọ̀kan ká: èkínní 300 mítà, èkejì 600, ẹ̀kẹta 1,000. Nínú agbo tí ó sún mọ́ odi jù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bíríkì kọ́lé. Pákó nìkan ni, kí ó lè ṣeé sun kíákíá bí ogun bá dé, kí ọ̀tá má baà rí ibi sá pamọ́ sí, kí ojú àwọn tí ń yìnbọn láti inú odi sì lè là kedere. Ẹni tí ó kọ́lé síbẹ̀ mọ̀ pé lọ́jọ́ ogun, àwọn ọmọ ogun ìlú òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ti iná bọ òrùlé òun. Òfin náà wà títí di 1963 kí wọ́n tó pa á rẹ́. Díẹ̀ nínú àwọn ilé pákó wọ̀nyẹn ṣì dúró lẹ́bàá odi títí di òní, ogun kò sun wọ́n.

Ìgbà tí ogun gidi wá dé, kò gba orí ilẹ̀ nìkan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì fò kọjá lórí omi àti odi. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà wọ́n ju bọ́ǹbù sí Rotterdam, ní ọjọ́ kejì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà túúbá. Odi tí wọ́n fi ọdún 125 kọ́ di ohun àtijọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ tí òfin ogun kò jẹ́ kí a kọ́lé sí fún ọdún 110 ṣófo. Igi hù, koríko ga, omi jókòó sínú àwọn yàrà. Àdán wọ inú ilé odi láti sun oorun ìgbà òtútù níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń sùn. Bí ìlú àti ilé iṣẹ́ ti ń gbòòrò ní apá ọ̀tún àti apá òsì, bẹ́ẹ̀ ni ìlà ilẹ̀ tútù kan dúró láàárín wọn bí igbó orò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ro. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ìbọn ni ó tọ́jú igbó, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tí ó ṣe é ní 1853 tí ó ní èyí lọ́kàn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti wọlé. Àwọn ará Nẹ́dálándì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 18, kẹ̀kẹ́ ológeere wọn sì lé ní mílíọ̀nù 23. Ní Utrecht ni àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti dá ẹgbẹ́ ANWB sílẹ̀ ní 1883. Ní ìlú kan náà ni wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ní òpópónà Maliebaan ní 1885. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ará ìlú dá owó jọ ní agbègbè wọn láti la ọ̀nà tóóró gba inú igbó àti pápá, kí ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ má baà rì sínú iyanrìn. Àwa náà mọ irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń ṣán ọ̀nà tirẹ̀ títí dé ààlà, ẹni tí kò bá jáde yóò san ìtánràn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí wọ́n ti bí àwọn ènìyàn yìí ni wọ́n ti fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ju ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ wọn bí ó ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ní 1971 nìkan, ọkọ̀ pa ènìyàn tí ó lé ní 3,000 ní ilẹ̀ kékeré yẹn, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400 sì wà nínú wọn. Àwọn òbí tú sí ìgboro, wọ́n ní kí ìjọba dáwọ́ pípa àwọn ọmọdé dúró. Ní 1973, epo rọ̀bì wọ́n, ìjọba sì pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má ṣe jáde ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìbànújẹ́ àwọn ìyá àti ọ̀wọ́n epo ni ó dá ọ̀nà padà fún kẹ̀kẹ́, kì í ṣe àṣà nìkan.

Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni irú kẹ̀kẹ́ kan gbòde, èyí tí wọ́n ń pè ní gírávẹ̀lì. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bíi ti kẹ̀kẹ́ ìdíje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ gbòòrò, ó máa ń tó 40 mílímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í fún un le púpọ̀, kí ó lè máa rọ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò igi. Amẹ́ríkà ni ìdíje rẹ̀ ti kọ́kọ́ lókìkí, ní ìpínlẹ̀ Kansas láti 2006. Ní 2022 ni àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè àgbáyé fún olúborí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gùn ún kò sì ní ìdíje lọ́kàn rárá. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí wọn kò ti ní í gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn á máa ṣe fáàrí pẹ̀lú owó tí wọ́n fi ra kẹ̀kẹ́ náà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ìyá arúgbó tí ó ní agbọ̀n níwájú lè gba ọ̀nà kan náà, bí kò tilẹ̀ yára.

Ẹni tí ó bá gbéra ní Utrecht lè fi àárín ọjọ́ kan rí gbogbo ohun tí a ń wí. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi wọ inú igbó Amelisweerd, tí í ṣe ti ìlú Utrecht, yóò sì kọjá lẹ́bàá odi Rhijnauwen, tí ó tóbi jù nínú àwọn ilé odi omi tuntun náà. Kò lè wọ inú rẹ̀ bí ó bá ti wù ú, nítorí àwọn àdán. Bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ kì í ṣe ibi ẹ̀rín, nítorí nígbà ogun ni àwọn ará Jámánì yìnbọn pa àwọn tí ó dìtẹ̀ mọ́ wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Òkè gígùn kan ni, Utrechtse Heuvelrug, yìnyín ayé àtijọ́ ni ó wọ́ iyanrìn àti òkúta jọ tí ó fi di òkè, igi páìnì sì bò ó. Ojú ọ̀nà níbẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ìkarawun fífọ́, iyanrìn tí a tẹ̀ le. Igi àgbélébùú dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni, alùpùpù kékeré tí ń lo epo kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ ní títàn. Ní oríta kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà wà lára òpó, kí ẹni tí ó ń lọ lè máa tẹ̀ lé nọ́ńbà láìyọ ìwé àwòrán ilẹ̀. Hugo Bollen, onímọ̀ ìwakùsà ará Bẹ́ljíọ́mù, ni ó mú ọgbọ́n nọ́ńbà náà wá, láti inú ihò kùsà tí wọ́n ti máa ń fi nọ́ńbà mọ oríta nínú òkùnkùn. 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún kẹ̀kẹ́ ní Bẹ́ljíọ́mù kí ó tó dé Họ́láńdì.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àlàáfíà pátápátá ni ó wà nínú igbó náà. Àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ń ráhùn pé ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ a máa yọ lójijì láti ẹ̀yìn, tí yóò sì já ènìyàn láyà. Ó ṣòro láti sọ pé wọn kò ní ẹjọ́ rò. Àgbà tí ó ń tẹ̀pá rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò lè mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan. Àwọn ẹyẹ tí ń yé sí ilẹ̀ kò tilẹ̀ lè sọ ẹjọ́ tiwọn. Nítorí náà ni àwọn tí ń tọ́jú igbó ṣe fi òfin sí i: kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé kí oòrùn tó yọ tàbí lẹ́yìn tí ó bá ti wọ̀, kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ má ṣe kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Heuvelrug náà ń ra àmì kékeré kan lọ́dọọdún, owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ mìíràn sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba owó. Ẹ̀tọ́ láti kọjá àti iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe wá di ọ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ayé ìgbà tí à ń ṣán ọ̀nà.

Ewu tí ó tóbi jù kò ti ọwọ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wá. Ọ̀nà ńlá ni, àti ilé. Ní 1982, ìjọba fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ A27 gba etí igbó Amelisweerd. Àwọn ènìyàn gun orí igi, wọ́n kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́pàá lé wọn kúrò, wọ́n sì gé àwọn igi náà lulẹ̀. Nígbà tí ó yá, ìjọba tún ní òun fẹ́ mú ọ̀nà yẹn gbòòrò sí i. Àwọn ará ìlú gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ ìjọba, ní 2019 ilé ẹjọ́ náà sì fagi lé ìpinnu ìjọba, nítorí náítírójìn tí yóò bà sórí àwọn ilẹ̀ àdáyébá tí òfin dáàbò bò. Ìjọba tún gbé ìpinnu mìíràn dìde lẹ́yìn náà. Bí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń rí nìyẹn: igbó gbọ́dọ̀ jàre lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n bí títì bá jàre lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Kẹ̀kẹ́ kò lè dá ọ̀nà ńlá dúró. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dé inú igbó náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò má baà tán.

Ọ̀ràn yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí àwọn ará Ìjẹ̀bú. Erédò tí a so mọ́ orúkọ Bilikísù Sùngbọ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi 160 kìlómítà, ó gba inú igbó àti irà kọjá. Ní ibòmíràn, láti orí odi rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ yàrà tó 20 mítà. Àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan wa ilẹ̀ níbẹ̀, ohun tí wọ́n rí sì tọ́ka sí òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀dógún. Yàrà Ìjẹ̀bú ti wà tipẹ́tipẹ́ nígbà náà kí ará Họ́láńdì tó ronú láti fi omi ṣe odi. Láti 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà kún ogún ayé. Ní 2021 tí àwọn Họ́láńdì gba ìwé wọn lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ Erédò ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí agbo tí òfin fà yí i ká. Igbó ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń ro oko tàbí tí ó ń ta ilẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bi í léèrè bí ó bá wó odi díẹ̀. Kì í ṣe pé dandan ni kí a gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé tí kò rìn lẹ́bàá yàrà náà rí, kò ní í mọ̀ bí wọ́n bá dí i.

Ọ̀nà ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí ó gbéra ní Utrecht yóò parí ní Rhenen, ní orí òkè Grebbeberg, níbi tí òkè gígùn náà ti já sí odò. Odi mìíràn ni ó wà níbẹ̀, Grebbelinie, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òun ni wọ́n yàn láti fi dá ogun dúró ní 1940. Omi ni ó yẹ kí ó bo ilẹ̀ iwájú òkè náà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀rọ tí yóò fa omi síbẹ̀ kò tíì parí nígbà tí àwọn ará Jámánì dé. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti jà fún ọjọ́ mẹ́ta, láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ọmọ ogun Nẹ́dálándì tí ó lé ní 400 sì kú. Ibojì wọn wà lórí òkè náà, ó tò lẹ́sẹẹsẹ láàárín igi. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdọọdún ni àwọn ènìyàn máa ń péjọ síbẹ̀ láti rántí wọn.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni irà kan tí wọ́n ń pè ní Blauwe Kamer wà, kò jìnnà sí ibi tí omi ti kọ̀ láti dé. Ní 1992, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé òkìtì ilẹ̀ tí ó dí odò mọ́ ọn, kí omi lè máa wọlé bí ó ti fẹ́. Nígbà tí odò bá kún, gbogbo ibẹ̀ á di omi. Nígbà tí ó bá fà, ẹṣin àti màlúù tí ẹnikẹ́ni kò so a máa jẹko níbẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ẹlẹ́nu bíi ṣíbí a sì máa wá ẹja nínú ẹrẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí ó bá dúró lórí òkè lè rí gbogbo rẹ̀ láàárín igi, kí ó tó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí ilé kí oòrùn má baà wọ̀ bá a nínú igbó.